Ta Ló Ni Máàpù Kànga Yìí?

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Mo mọ̀ pé etí yín ò gba tẹlifóònù mọ́ látìgbà tí ariwo ẹ̀rọ tó ń fa omi ti bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Ara mi le. Yàrá tí mo ń gbé ò gbà ju bẹ́ẹ̀dì kan àti tábìlì kan lọ, ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oòrùn, mi ò lè ṣàròyé.

Ìròyìn ayọ̀ ló gbé mi jókòó. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ìlú wa ti jáde nínú jọ́nà. Jọ́nà ni ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jáde níbẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n ń fetí sí. Ọ̀gá mi ní yunifásítì bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo ẹ̀ka wa. Wọ́n ní ipò olùkọ́ kan máa ṣí sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, orúkọ mi ló sì wà lókè.

Mo fi ẹ̀dà kan sínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ ṣí ojú ìwé kẹfà, ẹ máa rí nǹkan tí ẹ mọ̀ níbẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé súwẹ́tà tí wọ́n hun ni mo wọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Èmi ni ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Akọ̀wé, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ìyá rẹ ló gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà, kò sì jẹ́ kí n jẹun tán kí n tó kà á sókè. O kú iṣẹ́. O kú làákàyè. Bíbí tí mo bí ọ ò já sásán.

Mo ṣí ojú ìwé kẹfà. Máàpù mi ni! Kànga igba ó lé mọ́kàndínlógún, tí mo fi ọdún mọ́kànlélógún kó jọ. Mo rí kànga ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́. Mo rí ibi tí ọwọ́ mi ti gbọ̀n, tí ìlà odò fi ṣẹ́ kọ́rọ́ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. O kàn fi àwọ̀ búlúù sí i ni.

Mo sọ fún ìyá rẹ pé, "Wò ó, iṣẹ́ ẹni tí kò kọjá ìwé mẹ́fà ti wọ àárín àwọn ọ̀mọ̀wé." Ó ní, "Orúkọ yín dà?" Mo ní kó mú awò ojú mi wá. Mo rí orúkọ rẹ. Mo rí orúkọ ọ̀gá rẹ. Nísàlẹ̀ mo rí lẹ́tà C kan tí wọ́n fi òbìrí yí ká, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan sì tẹ̀ lé e. Bóyá mo fo tèmi ni. Tó o bá ráyè, sọ ibi tó wà fún mi, nítorí ìyá rẹ ò ní jẹ́ kí n sinmi.

Ìròyìn ti ibí: a ti ní ọ̀gá tuntun ní ọ́fíìsì omi, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gbọ́n bí ẹni pé ó ti wáyé rí. Ó ní kànga mẹ́rìnlá tó wà nísàlẹ̀ ààtàn ti bàjẹ́, inú ń run àwọn ọmọdé ibẹ̀. Ó fẹ́ tẹ ìwé ìléwọ́ tí wọ́n máa pín láti ojúlé dé ojúlé, kí kálukú mọ kànga tí kò gbọdọ̀ mu. Mo fún un ní ojú ìwé kẹfà rẹ, búlúù rẹ ṣe kedere ju ògbólógbòó tèmi tó wà lára ògiri ọ́fíìsì lọ. Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Wo bí iṣẹ́ wa ṣe wúlò!

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí lórí ìjókòó, ẹ dìde, ẹ lọ sí ọ́fíìsì omi, ẹ ní kí wọ́n dá ìwé náà dúró.

Lẹ́tà C inú òbìrí tí ẹ rí yẹn ni àmì ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá tẹ̀ lé e ló láṣẹ lórí ẹ̀dà ṣíṣe. Kì í ṣe èmi, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà ni. Kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ èèyàn jáde, á kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbé ẹ̀tọ́ náà fún wọn. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń ka ìwé ọ̀hún tán.

Kí ló dé tí ẹ ò bi mí kí ẹ tó fún wọn? Èmi ni wọ́n máa bi. Oṣù kẹsàn-án ò jìnnà mọ́, mi ò fẹ́ wàhálà kankan.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, a máa sọ ọ́ nígbà tó bá yá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Akọ̀wé,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ pẹ́ kó tó dé. Wọ́n ti tẹ ìwé náà, wọ́n ti pín igba, ẹnì kan sì ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ làwọn tó ń tẹ jọ́nà rẹ ti rí i.

O bi mí pé kí ló dé tí mi ò bi ọ́. Tèmi ni mo fún wọn. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn tọrọ àyè kó tó wọ yàrá ara rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ. Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O mọ yàrá yẹn, tábìlì gígùn, pákó tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ àwọn ẹ̀rọ kọ́ sí. Àwọn ẹnjiníà kéékèèké jókòó, ẹni tó ń tọ́jú sítọ̀ náà jókòó, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀gá ka lẹ́tà kan, ó wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ pé, "Bàbá, wọ́n ní máàpù yìí kì í ṣe tiwa. Wọ́n ní ẹni tó yà á ti gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún àwọn, ó sì fọwọ́ sí i pé òun nìkan ló yà á. Orúkọ ọmọ yín ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yà á nínú yín?"

Bí mo bá ní èmi ni, mo ti pe ọmọ mi ní òpùrọ́ níwájú èrò. Bí mo bá ní ìwọ ni, kí wá ni mo gbé kọ́ ògiri ọ́fíìsì yẹn láti ọjọ́ yìí wá? Mo ní, "Ọ̀kan náà ni èmi àti ẹ̀." Ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Kò rín in jáde tán, ṣùgbọ́n etí mi tí kì í gbọ́ nǹkan gbọ́ ìyẹn.

Wọ́n kó àwọn ìwé tó kù sínú páálí. Wọ́n tú máàpù ńlá ara ògiri náà sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa pọ̀ sí i. Mo ká a, mo fi sábẹ́ apá, mo ń gba ẹ̀yìn ilé lọ bí ẹni tó jí nǹkan. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ààtàn ṣì ń pọn omi wọn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Kí lo sọ fún àwọn èèyàn yẹn?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin

Akọ̀wé,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Bí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá ti ń bọ̀, ìyá rẹ á ti wà lẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀hún ti mọ́ jù. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Bó o bá ń ṣàìsàn, sọ fún wa. Bó bá jẹ́ pé ìdáhùn ìbéèrè mi ló ń dùn ọ́, mo ti fura.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín. Mo ti kọ lẹ́tà yìí nígbà márùn-ún, mo sì ń fà á ya.

Mi ò ṣàìsàn. Ojú ló ń tì mí.

Fọ́ọ̀mù kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ kún. Ó bi mí pé, "Ṣé àwòrán ẹlòmíràn wà nínú iṣẹ́ yìí? Bó bá wà, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín." Àpótí kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fi àmì sí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, mo lọ mu tíì.

Ẹ má rò pé mi ò ka ìbéèrè náà. Mo parọ́ fún yín nígbà tí mo ní kò sẹ́ni tó ń kà á. Mo kà á. Irọ́ náà ti pẹ́ ju fọ́ọ̀mù lọ ni. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo débí, mo tẹ́ ẹ̀dà máàpù náà tí ẹ fọwọ́ ara yín yà fún mi sórí tábìlì ọ̀gá mi. Ìwé ẹ̀rí kún ògiri yàrá wọn láti òkè délẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Iṣẹ́ gidi lèyí. Awọnlẹ̀ wo ló yà á?" Ẹnì kan tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, adájọ́ ni bàbá tiẹ̀. Bàbá, mo fẹ́ sọ pé bàbá mi ni, ẹni tó ń fi okùn sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, tí kì í ṣe awọnlẹ̀, tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan. Mo wo ògiri yẹn. Mo ní, "Èmi ni."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọjọ́ tó rọrùn láti kó wọn jẹ.

Èyí tó burú jù ni pé ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ sábẹ́ ìlà òṣùwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dà náà, pẹ̀lú pẹ́ńsù. Mo pa á rẹ́ kí n tó kun búlúù. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá bi mí níṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe, mo máa ń sọ pé ìjọba ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, màá sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Mo rò pé mo ti dàgbà kúrò níbẹ̀. Mo gbé ilé onílé fún àlejò, àlejò sì ti onílé síta. Nígbà tí mo ka ohun tí wọ́n ṣe fún yín ní ọ́fíìsì omi, mo gbé lẹ́tà yín sábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò sì lè sùn lórí ìrọ̀rí náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ má tíì sọ fún Màmá.

Ọmọ yín tí kò yẹ kó máa jẹ́ orúkọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Akọ̀wé,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò kà á sókè.

Ẹ̀bẹ̀ rẹ, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ lo parọ́ fún. Lọ bá àwọn yòókù, kó o sọ ọ́ fún wọn bó o ṣe sọ ọ́ fún mi, má sì yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò nítorí ipò olùkọ́.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí láti ìsàlẹ̀ ààtàn. Mo mú ọ̀pá mi, mo lọ láti ilé dé ilé láti fi ẹnu sọ kànga tó dáa àtèyí tí kò dáa fún wọn. Ilé mẹ́sàn-án ni ẹsẹ̀ mi gbé.

Má kọ̀wé sí mi títí wàá fi ṣe é.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Mo ti ṣe é.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá mi títí ẹni tó ń nu ilẹ̀ fi ní kí n gbé ẹsẹ̀. Mo wọlé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan orúkọ tí mo pa rẹ́. Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ò sọ? À bá ti kọ orúkọ bàbá rẹ pọ̀ mọ́ tiwa." Bàbá, ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Kò sí ohun tí mo fi irọ́ yẹn gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn tí mo fọ́, wọn ò tì í.

Mo kọ̀wé sí olóòtú jọ́nà. Ilé-iṣẹ́ wọn dáhùn pé ohun tí kì í ṣe tèmi, mi ò lè gbé e fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ̀tọ́ máàpù náà ò fìgbà kan jẹ́ tiwọn. Wọ́n ti tẹ àtúnṣe jáde: "Máàpù ojú ìwé kẹfà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé lò ó láìgba àṣẹ." Orúkọ yín wà níbẹ̀ ní kíkún. Wọ́n ti kọ lẹ́tà àforíjì sí ọ́fíìsì omi, ó yẹ kó ti dé.

Wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní ipò olùkọ́ náà. Mo jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, wọ́n ní kí n máa bá ẹ̀kọ́ mi lọ, ṣùgbọ́n fún ọdún méjì, ìwé tí mo bá fẹ́ gbé jáde, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó fọwọ́ sí i. Bí mo bá wọ yàrá tí a ti ń jẹun, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Mi ò ráhùn. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Láti ọjọ́ tí pẹ́ńsù yín ti kúrò lára ìwé ni ẹ̀tọ́ náà ti jẹ́ tiyín, ẹ kọ àmì síbẹ̀ o, ẹ ò kọ ọ́ o. Àmọ́ kíkọ rẹ̀ dáa, kí ẹni tó bá rí máàpù lè mọ ẹni tó máa bi: C inú òbìrí, ọdún, àti orúkọ ẹni tó yà á. Ẹ sì lè kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni láti tẹ̀ ẹ́.

Àwọn olóòtú ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí máàpù náà dúró nínú jọ́nà. Ìwé àṣẹ wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ

Akọ̀wé, ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa kí n tó sọ ohunkóhun. Mo kí ọ dáadáa. O ṣe ohun tó ṣòro. Mo ti ka lẹ́tà rẹ méjèèjì sókè fún un, kò sunkún, ó ní òun ti mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti wá orúkọ tí òun ò rí i.

Ọ́fíìsì omi pe èmi àti ìyá rẹ. Wọ́n fún mi ní àga níwájú. Ọ̀gá ka lẹ́tà àforíjì sókè, ó ka àtúnṣe náà, wọ́n gbé máàpù padà sí ògiri, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí ló pa tiẹ̀ kíkan jù. Ìyá rẹ jókòó lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Òun náà ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò lè wo apá ibẹ̀.

Ohun tí o ò mọ̀ rèé. Lọ́dún tó o wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, tó o lọ ń gbé lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ mi yọ̀ nínú kànga kan, egungun ìbàdí mi sì kán. Mo sọ fún ọ́fíìsì pé mo kàn fẹsẹ̀ rọ́ díẹ̀ ni. Oníkànga tí kò lè sọ̀kalẹ̀ sínú kànga mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ìyá rẹ gbé okùn àti téèpù. Ọdún mẹ́fà ló fi ń jáde ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó lè rí i, á wọn kànga, á wálé pẹ̀lú etí ìró tó tutù, á máa pe nọ́ńbà, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo apá ìsàlẹ̀ odò, kànga mẹ́tàlélọ́gọ́rin, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yà á sẹ́yìn àwọn ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ àtijọ́. Mo dà á kọ sórí ìwé ńlá, mo sì fọwọ́ sí i ní orúkọ tèmi nìkan.

O pa orúkọ mi rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ò tiẹ̀ kọ tirẹ̀ rí. Gbogbo oṣù tí mo fi bínú sí ọ yìí, bí ìbínú bá ga tán, màá gbọ́ ìró ìyá rẹ tó ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé, ojú á sì tì mí, màá tún wá ìbínú mìíràn bò ó.

Bí a ṣe délé lọ́jọ́ náà mo bi í pé, "Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Ó ní, "Ta ló bi mí?"

Mo ní, "Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn lọ́la."

Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ó ní, "Bí wọ́n bá máa kọ ọ́, kí wọ́n kọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Kí wọ́n má kọ Ìyá Akọ̀wé."

A lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo dúró níwájú tábìlì gígùn yẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀ níṣojú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá kàn yọ bírò, ó yíjú sí ìyá rẹ, ó ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń kọ orúkọ yín?" Ìyá rẹ sì pè é fún un lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, bí ẹni ń ka omi inú korobá.

Ìwé ìléwọ́ tuntun ti jáde, wọ́n ti pín in nísàlẹ̀ ààtàn. Àmì òbìrí wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọdún tẹ̀ lé e, orúkọ ìyá rẹ, kí ó tó wá kan tèmi. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́. Kọ̀wé sí àwọn olóòtú rẹ, sọ èyí fún wọn. Mo mọ̀ pé á ti sú wọn. Bí wọn ò bá gbà láti tún àtúnṣe ṣe, ìtìjú ìyẹn di tèmi, kì í ṣe tìrẹ.

Ní ti ìwé àṣẹ, èmi ti kà á tán, mo ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ méjì báyìí. Ìyá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àná, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, á ní kí n lọ bi ọ̀gá ọ́fíìsì omi. Ó ti dé ìlà kẹrin. Ó ní òun ò tíì gbà. Sọ fún wọn kí wọ́n ní sùúrù.

Bàbá rẹ.